Nígbà tí Jẹjẹrẹ Kò Bá Gbọ́ Òògùn Mọ́

Ẹ̀kọ́ ìlera ni ẹ̀kọ́ wa ní ìgbà yìí. Ó le díẹ̀ ju èyí tí a máa ń kọ́ lọ, ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ mú un ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀, yóò yé tọmọdé tàgbà. Kí ẹni tí ó ń darí ìpàdé kà á sókè, kí ó dúró lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan, kí a sì bi ara wa léèrè ohun tí a ti gbọ́ kí a tó tẹ̀ síwájú.

ÌDÍ TÍ A FI YAN Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Nínú gbogbo oríṣi jẹjẹrẹ, jẹjẹrẹ ọmú ni ó ń mú àwọn obìnrin Nàìjíríà jù lọ. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni ó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, àwa tí a máa ń lọ bẹ àwọn aláìsàn wò, a kò lè ṣe kí a má bá àrùn yìí pàdé.

Ohun kan wà tí a máa ń gbọ́ ní ẹsẹ̀ ibùsùn. Aláìsàn bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn. Kókó ọmú náà sún kì, inú gbogbo ilé dùn. Nígbà tí ó ṣe, kókó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ kan náà ni ó ń gbà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Ẹnì kan á ní, “Èyí kì í ṣe ojú lásán.” Òmíràn á ní òògùn òyìnbó kò mọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá àgbà inú ilé tàbí orogún ní ìwòkuwò. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ sọ fún aláìsàn pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Wọ́n á gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn, àsìkò tí dókítà ì bá fi pààrọ̀ òògùn á sì kọjá lọ.

Ẹ̀yin ìyá, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin náà ní orúkọ, ó sì ní ìdí. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ láti ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ. Jẹjẹrẹ náà ni kò gbọ́ òògùn mọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi aláìsàn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ìyá àgbà kankan. Ẹ̀kọ́ òní yóò sọ bí ó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀, àwọn òògùn tí a ti fi gbìyànjú láti borí rẹ̀, èyí tí ó yọrí àti èyí tí kò yọrí, àti ohun tí ó kan àwa fúnra wa.

ÌPÍN KÌÍNÍ: KÍ NI Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ARA?

Ara wa kún fún àwọn ègé kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Sẹ́ẹ̀lì ni a ń pè wọ́n. Bí a ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé ni a fi sẹ́ẹ̀lì kọ́ ara. Sẹ́ẹ̀lì a máa pín sí méjì nígbà tí ó bá yẹ, a sì máa kú nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò gbọ́ àṣẹ yìí. Ó ń pín ṣáá, kò fẹ́ kú, ó sì máa ń rìn lọ sí ibòmíràn nínú ara.

Púpọ̀ nínú àwọn abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ ni a ṣe láti pa sẹ́ẹ̀lì tí ó bá ń pín kíákíá. Ìdí nìyí tí irun fi ń rẹ̀, tí ẹnu fi ń bó, tí èébì fi ń gbé aláìsàn, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò irun àti ti ẹnu àti ti ìfun náà máa ń pín kíákíá. Àwọn kan nínú òògùn wọ̀nyí ti ara igi àti ewéko wá. Òògùn tí a ń pè ní vincristine, tí a ti ń lò láti ọdún 1963, inú òdòdó kékeré kan tí ó pilẹ̀ ní Madagascar ni a ti rí i. Òdòdó náà wà ní iwájú ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa, òmíràn funfun, òmíràn pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Láti ara èèpo igi kan ní Amẹ́ríkà ni a ti kọ́kọ́ rí paclitaxel, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1992. Ẹ má ṣe torí èyí lọ já òdòdó iwájú ilé sè o. Májèlé ni. Ìwọ̀n tí a fi ń wọ̀n ọ́n ni ó sọ ọ́ di òògùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ èyí dáadáa. Kókó jẹjẹrẹ kan ṣoṣo ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì nínú, gbogbo wọn kò sì rí bákan náà. Àwa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró níwájú kíláàsì mọ̀ pé ogójì ọmọ lè wọ aṣọ kan náà, kí ìwà wọn má dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ rí. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wọlé, ó pa àwọn tí ó rọ̀, kókó á sì sún kì. Ṣùgbọ́n bí olórí kunkun díẹ̀ bá wà láàárín wọn, àwọn wọ̀nyí ni yóò ṣẹ́ kù. Wọ́n á tún pín, wọ́n á tún bí sí i, títí kókó yóò fi padà, tí gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò fi jẹ́ ọmọ olórí kunkun. Àwọn ẹ̀fọn ilé wa ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Òògùn tí ó ń pa wọ́n pátápátá ní ìjelòó kò pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí àwọn tí kò kú ni ó bí àwọn tí ó wà lónìí.

Ní ọdún 1979, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Kánádà, James Goldie àti Andrew Coldman, fi ìṣirò hàn pé bí kókó bá ṣe ń tóbi sí i ni ó ṣe ṣeé ṣe tó kí olórí kunkun kan ti wà nínú rẹ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìdí mìíràn tí a fi ń pariwo pé kí obìnrin tètè lọ fi kókó ọmú han dókítà, kí ó má ṣe dúró títí yóò fi tóbi.

ÌPÍN KEJÌ: SẸ́Ẹ̀LÌ TÍ Ń GBỌ́N ÒÒGÙN DÀNÙ

Ohun kan wà tí ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì tí ó bá ti kọ òògùn kan, lọ́pọ̀ ìgbà, á tún kọ òògùn mìíràn tí a kò tíì fún un rí, òògùn tí kò bá ti àkọ́kọ́ tan rárá. Báwo ni ó ṣe mọ èyí tí kò tíì rí?

Ní ọdún 1976, Rudolph Juliano àti Victor Ling, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, rí ìdáhùn kan. Inú sẹ́ẹ̀lì tí a mú láti ara ẹranko kékeré kan tí ó dà bí eku ni wọ́n ti ṣe ìwádìí náà. Wọ́n rí i pé lára awọ sẹ́ẹ̀lì tí kò gbọ́ òògùn, ohun kan pọ̀ tí kò pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì tí ó ń gbọ́ òògùn. Wọ́n sọ ọ́ ní P-glycoprotein. Lẹ́yìn náà ni ó wá yé àwọn onímọ̀ pé bíi pọ́ǹpù ni nǹkan yìí ń ṣe. Bí òògùn bá ti ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì ni ó ń tì í padà síta.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé etí ọ̀sà rí, ẹ mọ ọkọ̀ apẹja tí ó ń jò. Omi ń wọlé láti ìsàlẹ̀, ẹnì kan jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó mú igbá dání, ó ń gbọ́n omi dànù. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá ju omi lọ, ọkọ̀ kò ní rì. Òògùn ni omi tí a fẹ́ kí ó ri ọkọ̀ jẹjẹrẹ. P-glycoprotein ni olùgbọ́nmi. Kò sì bìkítà bóyá omi òjò ni tàbí omi ọ̀sà. Ìdí nìyí tí pọ́ǹpù kan ṣoṣo fi lè lé oríṣiríṣi òògùn jáde. Lára àwọn tí ó ń lé ni vincristine, paclitaxel, etoposide àti doxorubicin, èyí tí àwọn aláìsàn mọ̀ sí abẹ́rẹ́ pupa nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo òògùn ni ó ń lé jáde o. Cisplatin, fún àpẹẹrẹ, kò sí lára àwọn tí ó ń gbọ́n dànù. Nítorí náà, bí dókítà bá pa òògùn kan tì tí ó mú òmíràn, ó ní ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí a má sì rò pé ohun búburú ni pọ́ǹpù yìí fúnra rẹ̀. Ó wà nínú ìfun, nínú ẹ̀dọ̀, nínú kíndìnrín, àti lára òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sí ọpọlọ, kí májèlé má baà ráyè wọlé. Ó wà nínú ibi ọmọ pẹ̀lú, níbi tí ó ti ń dáàbò bo ọmọ inú oyún. Irinṣẹ́ tí a dá mọ́ ara fún ààbò ni jẹjẹrẹ fi ń gba ara rẹ̀ là.

ÌPÍN KẸTA: ÀWỌN ÒÒGÙN TÍ A FẸ́ FI DI OLÙGBỌ́NMI LỌ́WỌ́ MÚ

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kò ha yẹ kí a wá òògùn tí yóò di olùgbọ́nmi lọ́wọ́ mú, kí òògùn jẹjẹrẹ lè ráyè dúró nínú sẹ́ẹ̀lì? Èrò tí ó wá sí ọkàn àwọn onímọ̀ náà nìyẹn.

Ní ọdún 1981, Takashi Tsuruo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jàpáánù rí i pé verapamil lè ṣe iṣẹ́ yìí. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti òògùn ọkàn ni verapamil. Nígbà tí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ vincristine, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ èkúté tí kò gbọ́ vincristine tẹ́lẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Ìròyìn náà mú inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ènìyàn, ìwọ̀n verapamil tí ó lè di pọ́ǹpù náà mú pọ̀ ju èyí tí ọkàn lè gbà lọ. Ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ jù, ìlù ọkàn á sì dàrú.

Wọ́n tún gbìyànjú cyclosporin, òògùn tí a ń fún ẹni tí a pààrọ̀ kíndìnrín fún. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2001, fi hàn pé ó ran àwọn kan tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí mìíràn kò rí irú èyí. Wọ́n ṣe òògùn tí ó sún mọ́ ọn, valspodar. Èyí di pọ́ǹpù mú dáadáa, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ òògùn jẹjẹrẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Òògùn jẹjẹrẹ wá ń pọ̀ jù lára, àwọn dókítà sì ní láti dín in kù. Wọ́n tún ṣe àwọn mìíràn tí ó mọ́ iṣẹ́ ju ti ìṣáájú lọ, bí tariquidar àti zosuquidar. Ní ọdún 2003, wọ́n dá ìwádìí ńlá lórí tariquidar fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró dúró. Èsì ti zosuquidar fún àwọn àgbàlagbà tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ jáde ní ọdún 2010, kò sì fi hàn pé ó mú ẹ̀mí wọn gùn.

Èéṣe tí kò fi yọrí? Ìdí méjì ni a ó mú. Èkíní, pọ́ǹpù kan náà ni ó ń dáàbò bo ìfun àti ẹ̀dọ̀. Bí a bá dì í mú níbi gbogbo, ara tí ó dá ṣáṣá náà á jìyà. Èkejì, jẹjẹrẹ kò ní ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo. Òmíràn ní pọ́ǹpù ti irú mìíràn. Òmíràn máa ń tún ohun tí òògùn bà jẹ́ ṣe kíákíá. Òmíràn máa ń yí ibi tí òògùn fẹ́ dì mú padà, bí ẹni tí ó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Bí a bá di olùgbọ́nmi mú, ẹlòmíràn lè wà nínú ọkọ̀ tí ń dí ihò.

Nítorí náà, kò sí ọ̀kan nínú àwọn òògùn wọ̀nyí tí ó ti di òògùn tí a ń fún aláìsàn jẹjẹrẹ lójoojúmọ́ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó ní verapamil nílé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fún aláìsàn jẹjẹrẹ lò. Ó lè ṣe ikú pa á.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò já sí asán. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó sún mọ́ ilé. Gbogbo wa rántí chloroquine tí a fi ń tọ́jú ibà, àti bí ó ṣe máa ń yún àwọn kan lára tí a fi ń fi Piriton tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó ṣe, kòkòrò ibà kò gbọ́ chloroquine mọ́, nítorí òun náà ń ti òògùn náà jáde kúrò níbi tí ó ti lè pa á. Ní ọdún 1987, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Ayoade Oduola, tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, fi hàn pé verapamil yìí kan náà lè mú kí kòkòrò ibà tún gbọ́ chloroquine nínú ìgò àyẹ̀wò. Ní ọdún 1997, àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn gbé èsì jáde pé chloroquine pẹ̀lú chlorpheniramine, èyí tí ó wà nínú Piriton, ṣiṣẹ́ fún ibà àwọn ọmọdé ju chloroquine nìkan lọ. Ohun tí a ń lò fún yíyún lásán ń ran òògùn ibà lọ́wọ́! Lónìí, chloroquine kọ́ ni a ń fi tọ́jú ibà mọ́. Láti ọdún 2005 ni Nàìjíríà ti yí sí àpapọ̀ òògùn tí artemisinin wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣe àkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: àpapọ̀ òògùn. Òun ni ó gbé wa dé ìpín tí ó kàn.

ÌPÍN KẸRIN: ÀWỌN Ọ̀NÀ TÍ Ó TI YỌRÍ

Kìíní, àpapọ̀ òògùn. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Lára ikọ́ ẹ̀gbẹ ni a ti kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí streptomycin kọ́kọ́ dé, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Bìrìtìkó, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1948, fi hàn pé ara àwọn aláìsàn yá, ṣùgbọ́n láìpẹ́ kòkòrò ikọ́ náà kọ òògùn náà. Nígbà tí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ òògùn mìíràn, agídí kòkòrò náà dín kù. Kòkòrò tí ó lè bọ́ lọ́wọ́ òògùn kan ṣòro láti bọ́ lọ́wọ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969, Emil Frei àti Emil Freireich ní Amẹ́ríkà mú ẹ̀kọ́ yìí wá sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fún wọn ní òògùn mẹ́rin pa pọ̀. Àwọn kan bínú sí wọn nígbà náà pé wọ́n ń fi ìyà jẹ ọmọ. Lónìí, ní àwọn ilẹ̀ tí ìtọ́jú ti pé, nǹkan bí ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí ó ní irú jẹjẹrẹ náà ni ó ń yè. Nítorí náà, bí ẹ bá rí aláìsàn tí a ń fún ní òògùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má ṣe rò pé dókítà ń dán an wò. Ó ń dí ọ̀nà àbáyọ ni.

Èkejì, òògùn tuntun fún ibi tí jẹjẹrẹ yí padà sí. Oríṣi jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan wà tí a ń fi oníhóró tọ́jú. Imatinib ni orúkọ òògùn náà, ọdún 2001 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2003 ni àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì padà sí ẹnu iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n lára àwọn kan, jẹjẹrẹ náà pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, imatinib kò sì wọlé mọ́. Àwọn onímọ̀ ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun: dasatinib ní ọdún 2006, nilotinib ní ọdún 2007. Ìyípadà kan ṣẹ́ kù tí àwọn méjèèjì kò ràn lọ́wọ́. Ponatinib ti ọdún 2012 àti asciminib ti ọdún 2021 ni ó ká a. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹ̀kẹta, òògùn tí a fi ránṣẹ́ sí ẹnu ọ̀nà kan pàtó. Nínú jẹjẹrẹ ọmú, àwọn kan ní àmì kan tí a ń pè ní HER2 ní ọ̀pọ̀ yanturu lára sẹ́ẹ̀lì wọn. Trastuzumab ni abẹ́rẹ́ fún èyí, láti ọdún 1998. Nígbà tí jẹjẹrẹ bá kọ trastuzumab, àwọn onímọ̀ ti ṣe òmíràn, níbi tí a ti so òògùn tí ń pa sẹ́ẹ̀lì mọ́ trastuzumab fúnra rẹ̀, bí ẹni so ẹrù mọ́ ẹyẹlé tí ó mọ ilé. Ọ̀kan dé ní ọdún 2013, èkejì tí ó tún lágbára sí i, trastuzumab deruxtecan, dé ní ọdún 2019. Fún àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ń jẹun lára omi ara obìnrin tí a ń pè ní estrogen, oníhóró tamoxifen wà. Bí kò bá gba ibẹ̀ mọ́, àwọn òògùn mìíràn wà tí a lè yí sí.

Àwọn òògùn tuntun wọ̀nyí wọ́n púpọ̀, gbogbo ilé ìwòsàn kọ́ ni ó ní wọn. A kò fi èyí pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò sí dókítà tí ó lè mọ èyí tí ó yẹ aláìsàn bí kò bá mú ẹran díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò. Bí jẹjẹrẹ bá padà, dókítà lè fẹ́ mú ẹran náà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó ti yí padà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń sá nítorí wọ́n gbọ́ pé abẹ ni ó ń mú jẹjẹrẹ tàn kálẹ̀. Ẹ bá wa sọ fún wọn pé kí wọ́n má sá. Àyẹ̀wò yẹn ni ó ń fi ọ̀nà han òògùn.

ÌPÍN KARÙN-ÚN: IṢẸ́ TI ÀWA

1. Kí a má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ pé ó ti parí. Bí òògùn kan kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ìbéèrè tí ó yẹ kí aláìsàn béèrè ni pé: “Dókítà, èwo ni ó kàn? Ṣé a ó tún ṣe àyẹ̀wò? Èló ni? Kí ni a lè retí lọ́wọ́ rẹ̀?” Kí ẹnì kan nínú wa bá a lọ, kí ó kọ ìdáhùn sílẹ̀.

2. Kí a ràn án lọ́wọ́ kí ó má pa ọjọ́ abẹ́rẹ́ jẹ. Ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ni a ń fún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Bí aláìsàn bá ń gba ọ̀kan, tí ó ń fo ọ̀kan, àwọn olórí kunkun á ráyè pọ̀ sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ọkọ̀ ni ó ń dá wọn dúró. Ẹgbẹ́ tí ó lè ra aṣọ àjọ̀dún lè san owó ọkọ̀ arábìnrin kan lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó.

3. Kí aláìsàn kó gbogbo ohun tí ó ń lò lọ fún dókítà rí: òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òògùn ibà, àti àgbo pẹ̀lú. Ẹ rántí pọ́ǹpù àti ẹ̀dọ̀ tí a sọ lókè. Ewé àti egbò kan lè lé òògùn jẹjẹrẹ jáde kíákíá, òmíràn lè mú kí ó pọ̀ jù lára. Kí a má ṣe bá a wí bí ó bá ti ń mu àgbo, kí ó má baà fi pamọ́.

4. Bí ara aláìsàn tí ń gba abẹ́rẹ́ bá gbóná dé 38 lórí ohun tí a fi ń wọn ìgbóná ara, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, ìbáà ṣe òru. Kì í ṣe ibà tí a ń dá tọ́jú nílé.

5. Ìgbà mìíràn wà tí òògùn tí ó lè borí jẹjẹrẹ náà kò sí mọ́. Kódà nígbà náà, ìtọ́jú kò tán. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú ìrora fúyẹ́, òògùn ìrora tí ó lágbára sì wà lọ́wọ́ wọn. Kí a béèrè fún wọn láìtijú. Kò yẹ kí obìnrin kankan máa kérora mọ́jú nítorí ẹnì kan sọ fún un pé kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́.

6. Kí a pa ẹnu ẹ̀sùn mọ́. Bí a bá gbọ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn kan ìyá àgbà tàbí ìyàwó ilé pé òun ni kò jẹ́ kí òògùn ṣiṣẹ́, kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ olùgbọ́nmi fún wọn. Àlàyé yìí lè gba ẹni méjì là nínú ilé kan: ẹni tí ó ń ṣàìsàn, àti ẹni tí a fẹ́ fi ẹ̀sùn lé lórí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó dé tí kókó jẹjẹrẹ fi lè sún kì kí ó tó tún wú?
2. Níbo ni P-glycoprotein ti ń ṣe iṣẹ́ rere nínú ara? Dárúkọ ibi mẹ́ta.
3. Kí ni ó dé tí a kò fi lè fi verapamil tọ́jú jẹjẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣiṣẹ́ lórí sẹ́ẹ̀lì èkúté?
4. Ẹ̀kọ́ wo ni ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà kọ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ?
5. Bí arábìnrin kan bá sọ fún ọ pé, “Abẹ́rẹ́ kò ṣiṣẹ́ mọ́, mi ò lọ mọ́,” kí ni ìwọ yóò sọ fún un?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan obìnrin méjì tí yóò máa bá àwọn aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò lọ́wọ́. Kí wọ́n kọ orúkọ òògùn, ọjọ́ abẹ́rẹ́ tí ó kàn, àti ohun tí dókítà sọ. Kí olórí ẹ̀ka béèrè ní ìpàdé tí ń bọ̀ bóyá a ti yan wọ́n, kí ó sì béèrè pẹ̀lú pé ta ni nínú wa tí ó ní kókó tí kò tíì fi han ẹnikẹ́ni.